Wọ́n ní tiwọn lèrò, tiwa làṣà

Ọmọ àbúrò mi obìnrin wá lo họ́lídé lọ́dọ̀ wa n'Ìbàdàn níbí, SS1 ló wà, ó sì gbé iṣẹ́ àṣetiléwá Government dání bíi pé èmi gan-an ni wọ́n fún. Mo ń jẹ ẹ̀bà mi jẹ́jẹ́ ni o. Ó ní "Dádì Ìbàdàn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo eléyìí, wọ́n ní ká kọ nǹkan mẹ́rin nípa bí àwọn Yorùbá ṣe ń ṣèjọba kí òyìnbó tó dé." Ah, èyí ò le rárá. Ìbéèrè yẹn náà ni wọ́n bi èmi nígbà tí mo wà ní kíláàsì yẹn, àfi bíi pé wọn ò tíì pààrọ̀ ìwé láti ìgbà náà. Mo kà á fún un láìwo ibì kankan: Aláàfin ló wà lókè, Ọ̀yọ́ Mèsì ló ń yan ọba tí wọ́n sì ń ṣọ́ ọ, Ògbóni ń ṣọ́ àwọn Ọ̀yọ́ Mèsì, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò ló ń kó ọmọ ogun jáde. Mẹ́rin. Ó kọ ọ́, ó ní ẹ ṣé sà, ó fẹ́ máa lọ.

Èmi ni mo fọwọ́ ara mi fa wàhálà, mo ní kó gbé nóòtì ẹ̀ wá kí n wò ó. Ṣé ẹ rí i, ní ojú ìwé tó ṣáájú, níbi tí wọ́n ti ń sọ pé kò dáa kí gbogbo agbára ìjọba wà lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo, orúkọ bàbá ará Faransé kan ló wà níbẹ̀, Montesquieu, pẹ̀lú ọdún tí ìwé ẹ̀ jáde, 1748, pẹ̀lú ìdí tó fi sọ bẹ́ẹ̀ àti ohun tó ń bẹ̀rù. Wọ́n kọ "theory" gàdàgbà sí i lórí. Ẹ wá ṣí i dé ọ̀dọ̀ tiwa, kò sórúkọ ẹnikẹ́ni, kò sọ́dún, kò sẹ́ni tó ronú ohunkóhun, kò sẹ́ni tó bá ẹnì kan jiyàn. "Features" ni wọ́n pè é. Bí ẹni tó ń ṣàpèjúwe ẹyẹ: ó ní ìyẹ́, ó ní àgógó, ó máa ń yé ẹyin. Bíi pé Ọ̀yọ́ kàn hù lóru ọjọ́ kan bí olú.

Ẹ̀bà mi tutù síbẹ̀.

Torí pé ọ̀rọ̀ yẹn ti pẹ́ nínú mi. Political Science ni mo kà ní yunifásítì, mi ò ní sọ èyí tó jẹ́, ẹ má yọ mí lẹ́nu. A ní kọ́ọ̀sì kan tí wọ́n ń pè ní Political Thought, odindi ọdún kan la fi ṣe é. A bẹ̀rẹ̀ láti Áténì lọ́dọ̀ Plato, a dé ọ̀dọ̀ Aristotle, a kọjá sí Róòmù, a kan Augustine, Machiavelli, Hobbes, Locke, Rousseau, a já sí ọ̀dọ̀ Marx, ìdánwò dé, ó tán. Augustine yẹn, ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà ni o, apá ibi tó ń jẹ́ Algeria lónìí ni wọ́n ti bí i, ibẹ̀ náà ló ti ṣe bíṣọ́ọ̀bù, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe kọ́ wa, ẹ ó rò pé ojúlé kejì sí póòpù ló ń gbé. Lọ́jọ́ kan mo na ọwọ́ sókè, mo bi lecturer wa pé sà, ṣé kò sí tiwa níbẹ̀ ni? Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní tiwa wà nínú kọ́ọ̀sì ìtàn àti ti àṣà, pé theory ni ohun tí èèyàn kan jókòó rò, tó kọ ọ́ sílẹ̀, tó sì gbèjà ẹ̀, àwọn bàbá wa kàn ń ṣe bí wọ́n ṣe bá a ni. Kíláàsì rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, torí máàkì ń bẹ lọ́wọ́ ẹ̀.

Ohun tí ì bá dùn mọ́ mi ká sọ pé ẹnì kan sọ ọ́ fún mi lọ́jọ́ yẹn ni pé ní Kánò, ní Kánò tó jẹ́ pé bọ́ọ̀sì ló ń gbé wa débẹ̀, ọ̀mọ̀wé kan tó ń jẹ́ al-Maghili, tó wá láti Tlemcen, ti jókòó kọ ìwé fún Sarkin Kano Muhammadu Rumfa nípa bó ṣe yẹ kí ọba ṣèjọba, ẹni tó yẹ kó fà mọ́ra, ẹni tó yẹ kó ṣọ́ra fún, ó sì kìlọ̀ fún un kó má máa fara pamọ́ fún àwọn tó fẹ́ wá fẹjọ́ sùn. Ọdún 1463 sí 1499 ni Rumfa fi wà lórí oyè. 1513 ni Machiavelli kọ tiẹ̀ ní Florence. Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀. Ọmọ Nàìjíríà ń jókòó sí kíláàsì ní Nàìjíríà, ó ń kọ́ nípa ìwé ìmọ̀ràn fún ọba ní Ítálì, kò sì gbọ́ rí pé wọ́n kọ irú ẹ̀ fún ọba Kánò ṣáájú ìyẹn. Èyí sì wà nínú ìwé o, ó ní orúkọ ẹni tó kọ ọ́, gbogbo ohun tí lecturer wa ní theory gbọ́dọ̀ ní pátá ló ní.

Kí n tó lọ jìnnà, mi ò ní ká jó ìwé Locke, onímọ̀ ará Gẹ̀ẹ́sì yẹn, o. Ọ̀rọ̀ tó sọ pé ìjọba tí àwọn èèyàn ò fọwọ́ sí kì í ṣe ìjọba, mo ṣì gbà á títí dòní. Ohun tó kàn ń bí mi nínú ni pé wọn ò sọ fún wa pé ó ní owó ìdókòwò nínú Royal African Company, ilé iṣẹ́ tó ń ra èèyàn ní etíkun tiwa níbí tó ń kó wọn lọ tà. Ó yẹ kí ọmọ ogún ọdún tó ń há ọ̀rọ̀ ẹ̀ sórí mọ ìyẹn, kó wá pinnu fúnra ẹ̀. Ti àwọn tí kì í ṣe òyìnbó náà sì rí bẹ́ẹ̀, kí ẹnì kankan má rò pé nítorí pé èèyàn kì í ṣe òyìnbó ó ti di ẹni mímọ́. Ibn Khaldun, onímọ̀ ìtàn tí wọ́n bí ní Tunis ní 1332, mo fẹ́ràn ẹ̀ gan-an, àlàyé ẹ̀ nípa bí ìdílé ọba ṣe máa ń fi okun ìbátan gba ìlú, tí àwọn ọmọ á bá a nílẹ̀ tí wọ́n á sì rò pé bẹ́ẹ̀ ló ṣe wà látọjọ́ aláyé ti dáyé, tí àwọn ọmọ-ọmọ á wá jẹ ẹ́ tán, nǹkan bí ìran mẹ́ta péré, ẹ sọ fún mi bóyá ẹ ò rántí ilé olówó kan ládùúgbò yín. Ṣùgbọ́n bàbá yẹn náà kọ ọ̀rọ̀ ìwọ̀sí nípa àwa aláwọ̀ dúdú, ó wà níbẹ̀ kedere. Mo ń kà á bẹ́ẹ̀, mo ń bá a jà bí mo ṣe ń kà á.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sí Ọ̀yọ́ inú nóòtì ọmọ yìí.

Ohun tí wọ́n kọ́ wa ni pé Ọ̀yọ́ Mèsì jẹ́ méje, Baṣọ̀run ni olórí wọn, tí ọba bá ń ṣi agbára lò, wọ́n á gbé igbá òfìfo tàbí ẹyin odídẹrẹ́ fún un, òun náà á mọ̀ pé ó ti tán, òrìṣà kọ̀ ọ́, ará ìlú kọ̀ ọ́, ilẹ̀ kọ̀ ọ́, á wọ inú yàrá lọ, kò ní jáde mọ́. Tíṣà á wá fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sábẹ́ ẹ̀: checks and balances. Bí ẹni ń sọ pé ẹ wò ó, àwọn bàbá yín náà gbìyànjú, wọ́n ṣe ohun tó jọ ti Montesquieu láìmọ̀ọ́mọ̀.

Ẹni tó bá wá fara balẹ̀ ka ìtàn tí Samuel Johnson kọ, àlùfáà yẹn, tó parí ẹ̀ ní 1897, tí ẹ̀dà tó fi ránṣẹ́ láti tẹ̀ sọnù mọ́ àwọn èèyàn lọ́wọ́, tó sì kú ní 1901 kí àbúrò ẹ̀ Obadiah tó tún gbogbo ẹ̀ tò, 1921 ló ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, ẹni tó bá kà á á rí i pé àwọn ará Ọ̀yọ́ fúnra wọn ò gbà pé ọ̀rọ̀ yẹn ti yanjú. Torí Gáà. Baṣọ̀run ni Gáà, láti nǹkan bíi 1754 sí 1774. Ẹni tí wọ́n ní kó máa ṣọ́ ọba ló wá di ẹni tí ọba ń jí lọ kí láràárọ̀. Igbá òfìfo tó yẹ kó gba ìlú lọ́wọ́ ọba burúkú, òun ló gbé e dání tó ń fi pa ọba níkọ̀ọ̀kan, Awónbíojú ò lò ju ọjọ́ 130 lọ lórí ìtẹ́. Ó kó àwọn ọmọ ẹ̀ káàkiri ìgbèríko, àwọn ni wọ́n ń gba ìṣákọ́lẹ̀. Títí Aláàfin Abíọ́dún fi yọ́ ránṣẹ́ sí Ọyábì, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò tó wà ní Àjàṣẹ́, tí ogun fi wọ̀lú wá mú Gáà.

Nísinsìnyí ẹ sọ fún mi, ṣé feature nìyẹn? Ìṣòro gidi nìyẹn o, ìṣòro tí gbogbo ìlú tó ní òfin ń bá yí títí dòní: ẹni tí ẹ fún ní kọ́kọ́rọ́ láti fi ti ọba mọ́lé, ta ni yóò ti òun mọ́lé? Òun ni ẹni tó bá ń ka ìwé ìròyìn Nàìjíríà ń rí lójoojúmọ́, àjọ tí wọ́n dá sílẹ̀ láti mú olè, ta ló ń mú àjọ? Àwọn Ọ̀yọ́ sì dáhùn, ìdáhùn wọn wà lẹ́nu gbogbo wa, a kàn ń fi ṣe òwe ni: bí o láyà o ṣe ìkà, bí o bá rántí ikú Gáà o sọ òótọ́. Ẹ wo ọ̀rọ̀ yẹn dáadáa. Ó gbà pé ìkà ṣeé ṣe, ó gbà pé ẹni tó láyà lè rọ́nà gbé e gbà lábẹ́ òfin, kò bá ẹ sọ pé òfin á mú ẹ, ìrántí nìkan ló gbé síwájú ẹ. Mo ti bá àwọn ọ̀rẹ́ mi jiyàn lórí ìyẹn ní ọjọ́ Sátidé kan títí iná fi lọ, ọ̀kan nínú wọn ní òwe yẹn fi hàn pé àwọn bàbá wa ò rí ojútùú, èmi ní wọ́n rí i pé kò sí ojútùú tí kò nílò kí ìlú máa rántí. Kò tíì tán láàárín wa.

Èyí tó tún dùn mọ́ mi jù ni ti Àrẹ̀mọ. Láyé àtijọ́ l'Ọ̀yọ́, tí Aláàfin bá wàjà, Àrẹ̀mọ ẹ̀ á bá a lọ. Ó burú létí, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ronú sí i: ọmọ yìí ń bá bàbá ẹ̀ lo agbára, tó bá wá jẹ́ pé òun ló máa jọba lẹ́yìn ẹ̀, kí ló fẹ́ dí i lọ́wọ́ kó má bu nǹkan sí ọbẹ̀ bàbá? Wọ́n so ẹ̀mí ọmọ mọ́ ẹ̀mí bàbá. Ó di kí ọmọ máa gbàdúrà fún ẹ̀mí gígùn bàbá ẹ̀ tọkàntọkàn. Ẹni tó rò ó ronú, kò kàn bá a bẹ́ẹ̀.

Nígbà tó wá di ayé Aláàfin Àtìbà ní Ọ̀yọ́ tuntun, ó ní rárá, Adélù ọmọ òun ò ní kú, òun ló máa jọba. Ìbàdàn gbà. Kúrunmí ti Ìjàyè, tó jẹ́ Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò fúnra ẹ̀, kọ̀ jálẹ̀, ó ní kò bá àṣà mu, òun ò ní wárí fún Adélù. Àtìbà wàjà ní 1859, Adélù gorí ìtẹ́, ogun bẹ́ sílẹ̀ ní 1860, nígbà tó fi máa di 1862 Ìjàyè ti parẹ́ pátápátá. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ míì wà lábẹ́ ẹ̀, Ìbàdàn àti Ìjàyè ti ń wo ara wọn lójú kó tó dìgbà yẹn, àti ọmọ Ìbàdàn ni mí, mi ò lè ní àwọn bàbá wa lọ síbẹ̀ nítorí òfin nìkan. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tó wà láàárín ni pé ta ló láṣẹ láti yí òfin ìjọba padà? Ṣé ọba tó wà lórí ìtẹ́ lè dá a yí? Ṣé àwọn ìjòyè gbọ́dọ̀ fẹnu kò? Àbí ohun tí àwọn tó ti kú fi lélẹ̀ di dandan fún àwọn tó wà láàyè?

Ní 1688 àwọn Gẹ̀ẹ́sì lé ọba wọn James kejì lọ, ọ̀rọ̀ ta ló lẹ́tọ̀ọ́ sórí ìtẹ́ ló wà níbẹ̀ náà, ọdún tó tẹ̀ lé e ni ìwé Locke jáde, a sì ń kà á dòní ní theory. Ti Kúrunmí, "ogun Ìjàyè" là ń pè é. Tí ẹ bá ní Locke kọ tiẹ̀ sílẹ̀, Kúrunmí ò kọ nǹkan kan, òótọ́ lẹ sọ, mi ò ní jà lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n àwọn tó wà níbẹ̀ kọ ọ́, àwọn míṣọ́nnárì CMS wà ní Ìjàyè nígbà náà tí wọ́n ń fi lẹ́tà ránṣẹ́ sílé, Johnson náà kọ ọ́. Ìwé wà, ẹni tó máa kà á bí èrò la ò ní.

Ohun tó tiẹ̀ ń pa mí lẹ́rìn-ín ni pé kò dìgbà tí a bá padà sí 1859. Peter Ekeh, Urhobo ni, ó kọ́ni níbí n'Ìbàdàn fún ọdún púpọ̀, ó sì kọ àlàyé kan jáde ní 1975 tó jẹ́ pé ẹni tó bá ti gbé Nàìjíríà á mọ̀ pé òótọ́ ni kó tó kà á tán. Ó ní ìlú méjì là ń gbé pọ̀. Ọ̀kan ni ti ìjọba tí òyìnbó gbé kalẹ̀, ìkejì ni ti ẹbí, ti ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, ti àwọn tiwa. Ẹni kan náà tó ń jẹ owó ìjọba ní ọ́fíìsì láìfọkàn sí i, tó bá dé ìpàdé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú lọ́jọ́ Sunday, kọ́bọ̀ ẹgbẹ́ ò ní sọnù lọ́wọ́ ẹ̀, àní òun ló máa dáwó jù. Ẹ fetí sí Yorùbá tí à ń sọ, ó ti wà níbẹ̀: à ń sọ "owó ìjọba", à ń sọ "owó ẹgbẹ́", ohùn wa ò sì jọra lórí méjèèjì. "Ìlú" ń sọ̀rọ̀ lédè wa, ìlú lè fẹ́ èèyàn, ìlú lè kọ èèyàn, ìlú lè dájọ́. Ìjọba kì í fẹ́ ẹnikẹ́ni. Ìjọba ń "dé" ni, bí òjò. Mo parí yunifásítì láìgbọ́ orúkọ Ekeh lẹ́ẹ̀kan, nígbà tó jẹ́ pé mo lè ya àwòrán ihò Plato fún yín, ihò tó fi ṣàkàwé àwọn tó ń wo òjìji tí wọ́n rò pé òun ni òótọ́, pẹ̀lú iná ẹ̀, pẹ̀lú òjìji ẹ̀.

Àwọn kan á wá ní ó yá, ẹ jẹ́ ká kó ti òyìnbó dànù ká máa kọ́ Ifá. Ẹ rọra. Ọ̀jọ̀gbọ́n Akinsola Akiwowo n'Ifẹ̀ gbìyànjú ẹ̀ dáadáa, ó mú ẹsẹ Ifá, ó fa ọ̀rọ̀ "àsùwàdà" yọ nínú ẹ̀, pé kí ohun gbogbo máa sù jọ ni ìwà ṣe ń wà, ó sì fi ìyẹn kọ́ odindi èrò nípa bí àwùjọ ṣe ń dúró, ó gbé e jáde fún gbogbo ayé ní 1986. Ní 1988 Moses Makinde dá a lóhùn. Ní 1990 Lawuyi àti Olúfẹ́mi Táíwò tún dá àwọn méjèèjì lóhùn, tí wọ́n ń tú ọ̀rọ̀ Yorùbá wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ṣé ohun tí o ní ó túmọ̀ sí ló túmọ̀ sí, ṣé èrò nìyẹn àbí ewì. Ará ilé ni gbogbo wọn! Ìgbà tí mo ka ìjà yẹn ni inú mi dùn jù, ó dùn mọ́ mi ju àsùwàdà gan-an lọ, kí n má purọ́. Torí ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo máa rí ọ̀rọ̀ Yorùbá lórí tábìlì tí àwọn èèyàn ń bá jà bí àwọn kan ṣe ń bá Hobbes jà, láìkúnlẹ̀ fún un, láìfi ṣe yẹ̀yẹ́.

Táíwò yẹn kan náà gbé ìwé jáde ní 2022 tó fi ní ariwo "ká lé òyìnbó kúrò nínú ìmọ̀" yìí ti pọ̀ jù, pé ó ti sọ àwọn ará Áfíríkà tó fọwọ́ ara wọn mú èrò òde òní tí wọ́n sì sọ ọ́ di tiwọn di ọmọdé tí wọ́n tàn jẹ. Mo kọ́kọ́ bínú sí i. Nígbà tí mo rántí Johnson tó jẹ́ àlùfáà Áńgílíkà, tó fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ìtàn Ọ̀yọ́, tó sì jẹ́ pé òun ni mo gbára lé fún ohun tí mo kọ nípa Ọ̀yọ́ sókè yìí, mo dákẹ́ díẹ̀. Ibi tí mi ò ti bá a lọ ni pé ọmọ SS1 ò tíì débi tó fẹ́ lé ẹnikẹ́ni. Kò tíì mọ̀ pé àwọn tirẹ̀ wà nínú yàrá.

Mo sọ gbogbo èyí fún ọmọ yìí o, tàbí èyí tó gbọ́ nínú ẹ̀. Ti Gáà dùn mọ́ ọn, ó ní kí n tún sọ ọ́. Ó bi mí pé "Dádì, Ògbóni tí ẹ ní wọ́n ń ṣọ́ Ọ̀yọ́ Mèsì ńkọ́, níbo ni wọ́n wà ní gbogbo ogún ọdún yẹn?" Mo mu omi. Mo ní kó jẹ́ kí n lọ wo ìwé. Mo wò ó lóru yẹn, kò tíì tẹ́ mi lọ́rùn, mo ṣì ń wá a.

Ó wá na nóòtì ẹ̀ sí mi, ó ní ṣé kóun kọ ìbéèrè yẹn mọ́ mẹ́rin tá a ti kọ, àbí kóun fi rọ́pò nọ́ńbà kẹta. Mo ní fi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sílẹ̀ bó ṣe wà, ohun tí tíṣà yín ń wá nìyẹn.